Kí O Tó Gbẹ́ Ihò Búlọ́ọ̀kù Bàbá Rẹ

Ìgandò,
Èkó.

Ṣínà ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

Ìdí tábìlì pálọ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí, lẹ́yìn tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo ti bọ́ṣọ, tí mo ti mu omi. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Fóònù yẹn gan-an ló fà á. Lọ́jọ́ tí o pè mí pé o ti rí písítìn họ́ndírẹ́ẹ̀dì ní Àkúrẹ́, pé kí n bá ọ wá gásíkẹ́ẹ̀tì tó bá a mu nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòtún, mo ní rárá. O ní kí ló dé. Dípò kí n ṣàlàyé, mo pa fóònù náà. O tún pè, ohùn rẹ ti le, tèmi náà sì le. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ láàárín wa ju "ẹ káàárọ̀ mà" àti "ṣé o ti jẹun" lọ. Bí mo bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, mo lè dúró níbi tó bá ti fẹ́ pa mí lẹ́kún, kí n nu ojú mi, kí n tún máa bá a lọ, ìwọ kò sì ní gbọ́ ọ.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, o mọ̀. Ibi tí àmì ọ̀rọ̀ bá ti ṣì mí lọ́wọ́, bá mi fi ọgbọ́n kà á.

Kí n kọ́kọ́ kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Pé wọ́n fi gbogbo ọkọ̀ ilé iṣẹ́ sábẹ́ àbójútó rẹ, ọmọ tó jẹ́ pé abẹ́ ọkọ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka A, B, D, inú mi dùn sí i. Ó sì dùn mí, nítorí ẹni tí ì bá fò sókè jù mí lọ kò sí nílé láti gbọ́ ọ. Mo sọ ọ́ sókè ní pálọ̀ ṣá. Mo ní, "Bàbá Ṣínà, wọ́n ti fi ọmọ yín ṣe ọ̀gá mẹkáníìkì." Mo wá lọ gbé omi kaná.

Ó yé mi pé o fẹ́ kí ọkọ̀ bàbá rẹ tún jí, kí o máa fi rìn láti Àkúrẹ́ wálé. Mi ò takò ọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: má gbẹ́ ihò búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì náà dé họ́ndírẹ́ẹ̀dì àfi tí ihò náà bá béèrè bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ Kúnlé kọ́ ló máa béèrè. Ìwọ kọ́. Èmi náà kọ́.

Mo mọ̀ pé o mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kí o lè rí ibi tí mo bá ti ṣì í mọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá jáde tuntun, gbogbo ihò tí písítìn ń gùn lọ gùn bọ̀ nínú rẹ̀ wà ní sítáńdáàdì. Tó bá pẹ́, ihò náà á jẹ, kò ní rí roboto mọ́, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, á sì máa mu ọ́ìlì. A ó gbé búlọ́ọ̀kù náà lọ fún oníríbọ́ọ̀, á fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò náà fẹ̀ díẹ̀ títí tó fi máa mọ́, a ó wá fi písítìn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i. Ofásáìsì nìyẹn. Tuẹ́ńtì-fáìfù ló kéré jù, fífítì tẹ̀ lé e, sẹ́fúntì-fáìfù tẹ̀ lé ìyẹn, họ́ndírẹ́ẹ̀dì ló kẹ́yìn. Họ́ndírẹ́ẹ̀dì fi odindi mílímítà kan fẹ̀ ju sítáńdáàdì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí písítìn lọ́jà fún búlọ́ọ̀kù yẹn mọ́. Ẹ̀mí ni bàbá rẹ máa ń pè wọ́n. Á ní, "Ó ku ẹ̀mí méjì nínú èyí," tàbí "ẹ̀mí èyí ti tán, kí wọ́n gbé e fún àwọn oní-irin."

Búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ ti wà ní fífítì tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé ó ku ẹ̀mí méjì. Bí o bá fo sẹ́fúntì-fáìfù lọ sí họ́ndírẹ́ẹ̀dì, o ti ná méjèèjì pọ̀, o sì ti sọ ògiri ihò di fẹ́lẹ́. Nínú ọkọ̀ lásán, ó lè gbé e. Ọkọ̀ tọ́bò bíi ti bàbá rẹ kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Tọ́bò ń fi agbára ti atẹ́gùn wọ inú ihò yẹn, iná inú rẹ̀ gbóná ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ, ògiri yẹn ló sì ń gba gbogbo ìlù náà.

Ìwọ ń rò pé owó ni mo ń ṣírò. Mo mọ bí o ṣe máa ń ṣe ojú bí mo bá ti ń ṣírò. Lóòótọ́, mo ń ṣírò. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rán ọ létí Alhájì.

O ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ síléèwé nígbà náà, bàbá rẹ sì wà ní ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbẹ́dá. Alhájì ń ta pákó ní Abúlé Ẹ̀gbá, ó ní ọkọ̀ tọ́bò kan tó fẹ́ràn bí ọmọ. Ọkọ̀ náà ń rú èéfín. Ó gbé e wá, ó ní, "Mẹkáníìkì, èmi ò fẹ́ kó kàn máa rìn o, mo fẹ́ kó máa fò." Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní á fò. Ìgbà náà ara rẹ̀ ṣì yá, kò sí ohun tí wọ́n ní kó ṣe tí kò ní sọ pé á ṣeé ṣe.

Ohun tí a ṣe nìyí, ohun náà sì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe níbí títí dòní. Písítìn là ń kọ́kọ́ rà, kí a tó gbé búlọ́ọ̀kù lọ fún oníríbọ́ọ̀. Nítorí pé písítìn ọkọ̀ tọ́bò kì í pọ̀ lọ́jà. Bí o bá rí i lónìí tí o ní o fẹ́ lọ wọn ihò ná, kí o tó padà dé ẹlòmíràn ti gbé e lọ. Nítorí náà, dípò kí a mú písítìn tó bá ihò mu, ihò la máa ń gbẹ́ kó lè bá písítìn tí a ti rà mu.

Èmi àti bàbá rẹ jọ lọ sọ́jà náà ni. Họ́ndírẹ́ẹ̀dì nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní ó ti pẹ́ lórí igbá, kí a mú un lọ ní iye tí a bá fẹ́. Mo ná an, ó já wálẹ̀, mo tún ná an, ó tún já. Inú mi dùn débi pé mo ra pọfupọ́ọ̀fù fún bàbá rẹ lórí rẹ̀. Bí a ṣe ń padà bọ̀ ni bàbá rẹ ń sọ pé, "Ìyá Ṣínà, kò sí ẹni tó lè bá ẹ nájà." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi títí a fi délé.

Bọ̀dá Láṣùn tó ń ṣe ríbọ́ọ̀ wọn ihò náà, ó sì gbé orí sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tuẹ́ńtì-fáìfù á mú èyí mọ́ o. Kí lẹ fẹ́ gbẹ́ ẹ tó báyìí fún?" Bàbá rẹ dáhùn pé, "Písítìn ti wà nílẹ̀, Láṣùn. Gbẹ́ ẹ." Ó gbẹ́ ẹ.

Ọkọ̀ náà fò lóòótọ́. Alhájì ń gbé e káàkiri, ó ń pe bàbá rẹ ní ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Kò pẹ́, ó kó ẹbí rẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n ń lọ sí Ìlọrin, orí òkè kan ni omi ti hó, tí ògiri tó wà láàárín ihò méjì sì sán. Omi wọ inú ọ́ìlì. Nígbà tí wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà dé Ẹ̀gbẹ́dá tí bàbá rẹ tú ọ́ìlì rẹ̀, ńṣe ló ń ṣàn bí ògì. Alhájì kò pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Mẹkáníìkì, mo ní kó máa fò. Mi ò ní kó máa wẹ̀." Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ́ńjìnì mìíràn ni a rà fún Alhájì. Ilẹ̀ wa ní Ayọ̀bọ̀ ló bá a lọ. O mọ̀ pé a ta ilẹ̀ náà, o sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ọ. Ohun tí o lè máà mọ̀ ni pé láti ìgbà náà, bí a bá ń gba Ayọ̀bọ̀ kọjá lọ kí àbúrò rẹ̀, ó máa ń wo apá kejì títì. Oko ni ibẹ̀ nígbà tí a rà á. Ilé ti kún ibẹ̀ báyìí. Èmi máa ń wò ó. Ilé kan wà níbẹ̀ tó ní bàkónì, aṣọ àwọn ọmọdé ló máa ń wà lórí okùn wọn. Títí di òní yìí, ilé àyágbé ni mo wà, mílímítà kan ló sì fà á.

Nítorí náà, Ṣínà, kó o jókòó kí o gbọ́.

Èkíní, wọ̀n ọ́n kí o tó ra ohunkóhun. Fi géèjì wọn ihò kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Wọ̀n ọ́n síwá sẹ́yìn, kí o tún wọ̀n ọ́n lọ́tùn-ún lósì, nítorí pé ihò kì í jẹ bákan náà yíká. Èyí tó burú jù nínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí o fi yan sáìsì, ṣùgbọ́n sáìsì tó kéré jù tó lè mú un mọ́ ni kí o yàn. Tó bá ti mọ́, dúró. Kò sí ẹni tó máa fún ọ ní ẹ̀bùn nítorí pé o gbẹ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì, nígbà tí o bá ti mọ sáìsì, ra písítìn, kí o sì gbé písítìn náà fún oníríbọ́ọ̀ kó tó gbẹ́ nǹkan kan. Má jẹ́ kó fi orí rò ó. Ìwé kan wà nínú páálí písítìn tó ń sọ àyè tó yẹ kó wà láàárín písítìn àti ògiri. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi irin lílù ṣe, tó lágbára tí wọ́n ń ta fún ọkọ̀ tọ́bò, ó máa ń wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bó bá gbóná, àyè tó yẹ kó ní á sì fẹ̀ ju ti ìyẹn lọ. Ẹnu ríìngì tó yí písítìn ká náà bẹ́ẹ̀. Bí ẹnu ríìngì bá há jù nínú ọkọ̀ tọ́bò, bó bá gbóná, orí méjèèjì á kan ara wọn, á sì fọ́. Mo ti rí ríìngì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi wá ṣépè fún mi pé ayédèrú ni mo tà. Ayédèrú kọ́. Wọn ò ka ìwé inú páálí.

Ní ti ọjà, ẹnu mi gbà á láti sọ èyí. Wo orí písítìn, kò gbọdọ̀ jẹ́ páálí nìkan lo wò. Sáìsì rẹ̀ wà lórí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára irin. Bí o bá rí i pé ibẹ̀ ń dán ju ibòmíràn lọ, wọ́n ti fi sáńdípépà pa á nìyẹn, gbé e sílẹ̀ kí o máa lọ, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta wúrà kí o rí i pé wọ́n wúwo bákan náà. Wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín jàre.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tí o ní kí n bá ọ wá náà ńkọ́? Láti ìgbà tí mo ti ń bímọ ni mo ti ń tà á, mo mọ̀ ọ́n. Àárín búlọ́ọ̀kù àti orí ẹ́ńjìnì ló máa ń wà, ihò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ihò búlọ́ọ̀kù lọ díẹ̀. Bí o bá gbẹ́ ihò fẹ̀ tí o wá fi gásíkẹ́ẹ̀tì sítáńdáàdì sí i, etí rẹ̀ á yọ sínú ibi tí iná ti ń jó, á sì jóná. Nítorí náà, mi ò lè fún ọ ní gásíkẹ́ẹ̀tì títí n ó fi mọ nọ́ńbà rẹ. Kì í ṣe pé mo fi dù ọ́.

Ó wá kan ti Kúnlé. O ní ó sọ pé họ́ndírẹ́ẹ̀dì ló máa fún ọkọ̀ náà lágbára. Kí i fún mi, ọmọ dáadáa ni, ó bá wa gbé pósí. Ṣùgbọ́n bi í pé èló ni ìdajì mílímítà máa fi kún un. Agbára ọkọ̀ tọ́bò wà nínú atẹ́gùn tí tọ́bò ń tì wọlé. Ohun tí ihò tó fẹ̀ díẹ̀ fi kún un, ìwọ tí o ń wà á gan-an kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó gbà kúrò lára ògiri ni wàá mọ̀, níbi òkè, pẹ̀lú ẹbí rẹ nínú ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ìwọ àti Ìyábọ̀ ń múra ìgbéyàwó. Ojú rẹ̀ ni mo ń rí bí mo ṣe ń kọ èyí, pé ó jókòó síwájú ọkọ̀ yẹn.

Ó tún ku ọ̀kan, ìyẹn ló sì ṣòro fún mi jù.

O rántí bí bàbá rẹ ṣe máa ń gbé búlọ́ọ̀kù wọ pálọ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Alhájì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ra písítìn, á gbé búlọ́ọ̀kù wálé, á tẹ́ àpò sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, á gbé e lé e, á sì to písítìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bá a jà. Mo ní ilé ni mo fẹ́ sí, n kò fẹ́ sí gáréèjì. Ó ní irin tó ti inú oòrùn dé àti irin tó ti inú páálí jáde kò gbóná bákan náà, pé bí o bá wọn ọ̀kan pẹ̀lú ìkejì báyìí, irọ́ ni nọ́ńbà náà máa pa fún ọ. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n sùn nínú yàrá kan náà, Ìyá Ṣínà. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á sọ òtítọ́." Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò wọ́n kọjá láàárọ̀ bí ẹni ń fo ọmọ tó sùn.

Búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ yìí ló gbé wọlé gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ rẹ̀ ń rú èéfín, ó sì ní òun náà yóò gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ó tú u, ó gbé e wálé, ó wọ̀n ọ́n níwájú mi, èmi ni mo mú tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìwọ wà nínú ìdánwò rẹ nígbà náà, òun ló sì ní kí a má pè ọ́ kí o tó parí. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, lẹ́yìn tó ti bi mí bóyá mo ti san owó iná, ó ní:

"Sẹ́fúntì-fáìfù á mú un mọ́. Bá mi pa páálí písítìn rẹ̀ kan mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, kó o má tà á."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀mí kan á ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn. Ti Ṣínà nìyẹn."

Mo pa á mọ́. Ó wà lórí pẹpẹ òkè pátápátá nínú ṣọ́ọ̀bù, mo fi aṣọ wé e. Èèyàn ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ní mo ti tà á.

Nígbà tí ó lọ, tí àwọn èèyàn ń wá bá wa kẹ́dùn, irin náà ṣì wà lábẹ́ fèrèsé. Àwọn ìyá ìjọ ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbé e síta kí àga lè ráyè. Ìyá Délé bi mí pé, "Ìyá Ṣínà, ṣé irin yìí náà ń gba àlejò ni?" Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n jókòó yí i ká. Wọ́n sì jókòó yí i ká lóòótọ́, wọ́n ń kọrin, ẹnì kan gbé ife omi lé e. Láràárọ̀ ni mo máa ń fi aṣọ nu ọ́ìlì sí ihò rẹ̀ kó má dípẹtà. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo tún lè ṣe fún un.

Lẹ́yìn náà ni a lọ sin ín ní Ìkàrẹ́, tí mo sì dúró lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe ogójì ọjọ́. Nígbà tí mo padà dé Ìgandò, mo bá a pé lúfà fèrèsé náà kò pa dé tán. Atẹ́gùn ti fẹ́ òjò wọlé. Ihò kẹrin, èyí tó kọjú sí fèrèsé, ti dípẹtà. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo fi aṣọ nù ún, mo nù ún títí apá fi ro mí. Ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n bí mo bá fi èékánná kọjá níbẹ̀, èékánná mi ń há sí i. Mo fi gíríìsì bò ó. Gíríìsì yẹn ló lè máà jẹ́ kí o rí i nígbà tí o wá gbé e. Nù ún kúrò, kí o sì wò ó dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyẹn lórí fóònù, Ṣínà. Nọ́ńbà tí bàbá rẹ sọ lórí bẹ́ẹ̀dì, òtítọ́ ni lọ́jọ́ tó wọ̀n ọ́n. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì jẹ́ òtítọ́. Bí o ṣe ń pe họ́ndírẹ́ẹ̀dì yẹn, etí mi ń gbọ́ pé o fẹ́ gba ẹ̀mí tó kù kúrò lọ́wọ́ bàbá rẹ, èmi sì mọ̀ pé òjò lè ti gbà á ṣáájú rẹ.

Nítorí náà, má fi ohun tí bàbá rẹ sọ gbẹ́ ẹ, má sì fi tèmi gbẹ́ ẹ. Wọ̀n ọ́n. Bí sẹ́fúntì-fáìfù bá mú ihò kẹrin mọ́ pẹ̀lú àwọn mẹ́ta tó kù, ó parí. Bí ti kẹrin nìkan bá kọ̀, wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára kó fi sílíìfù, ìyẹn ògiri irin tuntun, sínú ìyẹn nìkan, kí àwọn tó kù dúró ní sẹ́fúntì-fáìfù. Má gbé e fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Sílíìfù tí kò bá jókòó dáadáa nínú ọkọ̀ tọ́bò burú ju ògiri tó fẹ́lẹ́ lọ. Bí o kò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ní kí wọ́n wọn bí ògiri ṣe nípọn tó, bó bá ṣì nípọn tó, gbẹ́ ẹ dé họ́ndírẹ́ẹ̀dì, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí tọ́bò máa fẹ́ bí àwọn tó ṣe é ṣe ṣètò rẹ̀, má fi kún un, kí o sì tún radiétọ̀ ṣe kí o tó jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Bí họ́ndírẹ́ẹ̀dì náà kò bá mú un mọ́, tà á fún àwọn oní-irin. Má gbé e padà wá fún mi láti tọ́jú. Mo ti tọ́jú rẹ̀ tó. Ibi tó wà lábẹ́ fèrèsé ṣì ní àmì ọ́ìlì, mi ò tíì fọ̀ ọ́, ìyẹn nìkan tó mi.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn fi písítìn orí pẹpẹ náà ránṣẹ́ sí ọ. Lánàá, mo gun àga, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo wé e sínú náílọ́ọ̀nù, mo gbé e dé gáréèjì àwọn ọkọ̀ Àkúrẹ́. Dẹ́rẹ́bà ti na ọwọ́. Mo wá rí i pé bí mo bá fi ránṣẹ́, wàá gbẹ́ ihò náà kó lè bá a mu, nítorí pé bàbá rẹ ló ní kí n pa á mọ́, bóyá ihò béèrè rẹ̀ o, bóyá kò béèrè. Ohun tí a ṣe sí ọkọ̀ Alhájì náà nìyẹn. Mo bẹ dẹ́rẹ́bà, mo sì gbé e padà sórí pẹpẹ.

Wọ̀n ọ́n ná. Lẹ́yìn náà kí o pè mí, kí o sọ nọ́ńbà fún mi. Má ṣàlàyé, má ṣìpẹ̀ fún mi. Nọ́ńbà nìkan. Bí kò bá jẹ́ sẹ́fúntì-fáìfù, màá sọ písítìn náà kalẹ̀, màá tà á fún ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè, ní iye tó tó, màá sì lọ sílé lọ sunkún mi. Bó bá sì jẹ́ sẹ́fúntì-fáìfù, mi ò ní fi rán dẹ́rẹ́bà kankan. Èmi fúnra mi ni mo máa gbé e wá. Wá àyè sílẹ̀ fún mi nínú yàrá rẹ, kí o gbé búlọ́ọ̀kù náà wọlé kí n tó dé, kí o sì tẹ́ àpò sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa la ó jọ sùn níbẹ̀ mọ́jú.

Èmi ni,
Màámi rẹ,
Ìyá Ṣínà.